Voice Note Láti Ọdún 2050: Eré Tó Dá Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró Létí Odò

"Àǹtí, a ti ṣe é ní Geography."

Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ nìyẹn nígbà tí mo ní ká jọ sọ̀rọ̀ lórí àyípadà ojú ọjọ́. Ọmọ ọdún 17 ni. Kì í ṣe pé ó rí mi fín o. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ti jẹun yó tí wọ́n tún fẹ́ bu oúnjẹ kún un fún. Kí n tó dá a lóhùn, ojú rẹ̀ ti padà sórí fóònù.

Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni. Ilé-ìwé wà ní ìsinmi, ọmọ mẹ́fà sì kún pálọ̀ Màmá wa n'Íbàdàn. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, iná ti lọ, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Mo ti wá fídíò kan sílẹ̀ tó ṣàlàyé bí ayé ṣe ń gbóná sí i, fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta péré. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀kan fi sùn lọ, tí méjì sì ń jà lórí power bank.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ wa ò mọ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí padà. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè ka orúkọ àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná fún yín bí ẹni ń ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal. Wọ́n ti rí àwòrán yìnyín tó ń yọ́, pẹ̀lú béárì funfun tó dúró lé e lórí, títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìdánwò ni. Tí ìdánwò bá ti parí, ìmọ̀ náà á bá ìwé wọnú àpótí. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi wọ́n ni pé: lọ́jọ́ tí omi bá dé, ibo ni ìwọ máa wà? Ta lo máa kọ́kọ́ pè?

Ìbéèrè kejì yẹn ló rán mi létí eré kan tí mo ti kà nípa rẹ̀.

Ohùn tó jábọ́ láti ọjọ́ iwájú

Lọ́dún 2014, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ pé eré ló máa ń hùmọ̀, Ken Eklund, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Columbia, gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní FutureCoast. Ìtàn ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ohùn tí àwọn èèyàn ọjọ́ iwájú fi sílẹ̀ lórí fóònù ara wọn ti jò. Ohùn láti ọdún 2020 títí dé 2065 wá ń jábọ́ sí ayé tiwa, bí omi ṣe ń kán láti orí páànù. Iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣeré ni kó pe nọ́ńbà kan, kó sì sọ̀rọ̀ bíi pé òun wà ní ọ̀kan nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, tó ń wá èèyàn rẹ̀ lórí fóònù, tí onítọ̀hún ò gbé e. Ìyẹn náà nìyẹn. Kò sí ìbọn, kò sí ọ̀tá tí ẹ máa pa.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yìí máa dán irú rẹ̀ wò nìyẹn. Lọ́dún 2007 ó ṣe World Without Oil, níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọ ìròyìn ìgbésí ayé wọn bíi pé epo rọ̀bì ti wọ́n gógó láyé. Ọjọ́ kan nínú eré dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, eré náà sì gba ọjọ́ 32. Àwa tí a ti tò fún epo láti aago mẹ́rin ìdájí ò nílò eré kí a tó mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ FutureCoast, ẹ̀rín ló pa mí. Voice note kẹ̀? Àwa ló ni ín! Àwa tí a máa fi ìṣẹ́jú méje ránṣẹ́ láti sọ pé "mo ti délé." Kí ló wá dé tí a ò fi lè ṣe é ní pálọ̀ Màmá?

Ni mo bá gé ìwé pélébé-pélébé, mo kó o sínú abọ́ mẹ́ta. Abọ́ kìíní ní ọdún nínú: 2035, 2040, títí dé 2060. Abọ́ kejì ní ibi tí gbogbo wa mọ̀ tàbí tí a ti gbọ́ nípa rẹ̀: Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Mákòkó, Àyétòrò, ilé Màmá, ilé Dádì. Abọ́ kẹta ní ẹni tí o ń pè: oníbàárà ẹ, ọ̀rẹ́ ẹ, láńlọ́ọ̀dù, ìyá ẹ, bàbá ẹ. Mú ọ̀kan nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o sì ṣe voice note oníṣẹ́jú kan.

Òfin méjì péré ni mo ṣe. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ "àyípadà ojú ọjọ́." Ìkejì, kí ẹ má ṣe fi ayé parẹ́ fún wa. Ẹ pe èèyàn bí ẹ ṣe ń pe èèyàn lójoojúmọ́.

Iṣu Dùgbẹ̀ àti ilé-ìwé abẹ́ omi

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 ló kọ́kọ́ mú ìwé: 2040, Dùgbẹ̀, oníbàárà. Ó di oníṣu lójijì. "Màdáàmù mi, ẹ má bínú o, iṣu ò tíì dé. Òjò tó yẹ kó rọ̀ fún wa nígbà tí a gbin ebù, kò rọ̀. Nígbà tó tún máa rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló rọ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tó wà nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèló, ẹ̀jẹ̀ yín lè ru." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni ọ̀kan béèrè pé, ṣé bí òjò bá pẹ́ lóòótọ́, iṣu ò ní ta ni? Ẹlòmíràn ní wọn á kàn bomi rin ín. Ìkẹta ní, "Omi wo? Kànga ilé yìí gan-an kì í gbẹ lóṣù Kejì?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ẹ gbọ́ mi o: àwọn ọmọ tí kò fẹ́ wo fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n jiyàn lórí òjò àti iṣu fún bí ogún ìṣẹ́jú. Èmi ò sì sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi mí.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 mú Àyétòrò, ọdún 2055, ọ̀rẹ́. Kò mọ Àyétòrò. Mo sọ fún un pé ìlú kan ni ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, létí òkun gan-an. Àwọn ẹlẹ́sìn Àpọ́sítélì ló tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 1947. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ní nǹkan, ìlú náà sì lókìkí débi pé wọ́n ń pè é ní Ìlú Aláyọ̀. Mo sọ fún un pé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, òkun ń jẹ ìlú náà díẹ̀díẹ̀, ó ti gbé ilé, ó ti gbé ojú pópó, àwọn ará ibẹ̀ sì ti kó ẹrù sẹ́yìn léraléra. Ojú òkun tó ń ga sí i wà nínú rẹ̀, àwọn ará ìlú sì tún ń tọ́ka sí iṣẹ́ epo rọ̀bì ní agbègbè náà.

Ó ronú díẹ̀. Ó gbé fóònù sẹ́nu: "Mo ti wá ilé-ìwé tí o sọ fún mi, mi ò rí i. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà báyìí. Ọlọ́kọ̀ ní a ti kọjá ibẹ̀. Ó ní ó wà nísàlẹ̀ wa. Ṣé kí n máa bọ̀ nílé ni?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó wá kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyáàfin Geography. Ó fọwọ́ bọnú abọ́: 2050, ilé Dádì, bàbá ẹ. Ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti lọ ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a gbọ́ nígbà tó wọlé nìyí:

"Dádì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni. Mo ti kó àwọn ọmọ lọ sílé Àǹtí, ẹ má dààmú. Fírísà ti lọ sómi, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn. Ìwé ilẹ̀ ni mo ń wá. Ẹ ní inú dùrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ lẹ fi í sí. Ìsàlẹ̀ kẹ̀, Dádì? Ọdún kẹta rèé tí a ń gbé ẹrù lọ sókè. Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mú wa débẹ̀? Omi wà nínú bàtà mi. Ẹ ní ìrì ni."

Pálọ̀ dákẹ́. Nítorí pé ilẹ̀ náà wà lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti san owó àsansílẹ̀ lórí pulọ́ọ̀tì kan ní ẹ̀bá odò ní ìta Ìbàdàn. Ó pọ́ọ́kú lójú gbogbo wa, ó kù díẹ̀ kó san ìyókù. Oṣù Keje ló mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Ọmọ yìí rí omi, omi wọ bàtà rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ta ló máa bi í? Ọmọ ọdún 17 wo ló máa sọ fún bàbá ẹ̀ pé ilẹ̀ tó fi owó ọdún mẹ́rin rà ò dáa?

Ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1980

Màmá ti jáde láti kíṣìnnì. A ò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ fírísà fún ọmọ yìí?" ló kọ́kọ́ béèrè. A ní eré ni, Màmá. Ó jókòó. Ó wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ Àìkú ni. Òjò náà ò dá, a ò tiẹ̀ lè jáde. Ilé tí a háyà ò jìnnà sí Ògùnpa. Ìkòkò ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí tó léfòó ní kíṣìnnì, mo rò pé ẹnì kan ló da omi sílẹ̀. Kí n tó yíjú, omi ti dé orúnkún mi. Bàbá ẹ ò tíì pé ọdún kan, mo pọ̀n ọ́n, mo gorí tábìlì. Láti orí tábìlì, a gorí ògiri. Obìnrin tó wà ní yàrá kejì ní òun fẹ́ padà lọ mú àpótí aṣọ òun." Ó dákẹ́. Kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin náà já sí, a ò sì bi í.

Omíyalé ni Ìbàdàn ń pe ọjọ́ náà, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Àwọn tó bá a lọ ju 200 lọ. Mo ti ka ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ọdún tí mo ti lò láyé yìí, mi ò mọ̀ pé ìyá tó bí mi wà lórí ògiri lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa rí?"

Ó ní, "Ta ló bi mí?"

Ọmọkùnrin oníṣu wa béèrè ohun tó dáa gan-an: "Grandma, ṣé àyípadà ojú ọjọ́ ti wà nígbà yẹn?" Ó rú òfin mi, ṣùgbọ́n mo fi jì í. Mo sọ òótọ́ fún un. Ìdọ̀tí tí a dà sínú Ògùnpa àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi ló sọ òjò ọjọ́ yẹn di ikú. Ohun tí ayé tó ń gbóná ń ṣe ni pé ó ń fi kún un. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi mọ́ra ju èyí tó tutù lọ. Tó bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, omi tó lè gbà á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i, ayé sì ti fi ju ìwọ̀n kan lọ gbóná sí i ju bó ṣe wà ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, tí òjò bá máa dà, ó lè dà ju ti ìgbà Grandma lọ. Tí gọ́tà wa bá wá ṣì kún fún ọ̀rá pure water, ẹ ti mọ ìyókù. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Ìbàdàn tún rí i: èèyàn tó ju 100 lọ ló kú, omi sì ba nǹkan jẹ́ dé inú Yunifásítì Ìbàdàn.

"Ta ló ń ṣépè fún ilé mi?"

Èyí tó kéré jù nínú wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí lọ́rùn rẹ̀, ti fi voice note náà sórí group ìdílé wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Ta ló ń ṣépè fún ilé mi? Ilé tí mi ò tíì kọ́!"

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, eré ni."

"Irú eré wo nìyẹn? Ẹ ò lè sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, òun gan-an ló sì mú mi jókòó kọ èyí. Àwa Yorùbá mọ agbára ẹnu. Ẹni tó bá ń sọ aburú, à á ní ó ń pè é wá sílé ni. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," "a ò ní rí i," "kò ní ṣẹlẹ̀ lójú wa." Àdúrà dáadáa ni. Èmi náà ń ṣe Àmín. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ilẹ̀kùn ni a fi ń tì. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń sọ bí òjò ṣe máa rí, tí àjọ tó ń mójú tó omi, NIHSA, náà ń sọ ibi tí omíyalé lè dé. A ó gbọ́, a ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Lọ́dún 2022, omi pa èèyàn tó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé wọn.

Báwo wá ni àwọn àgbà ṣe ń sọ aburú fọ́mọ láì ṣépè? Àlọ́ ni! Ẹ rántí ìtàn ọ̀dá tó mú, tí gbogbo ẹranko pa ọwọ́ pọ̀ láti gbẹ́ kànga, tí Ìjàpá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tó tún wá ń jí omi pọn lóru. Òùngbẹ ń gbẹ ayé pátá nínú ìtàn yẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní kí alálọ̀ọ́ sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Tí ó bá ti ní "Ààlọ́ o!" tí ẹ sì ti dáhùn "Ààlọ̀!", ẹ ti jọ wọ ibì kan tí a ti lè wo ìbẹ̀rù lójú, kí a kọrin sí i, kí a sì jáde padà láyọ̀. Àwọn ọmọ ò sì jókòó lásán. Àwọn ló ń gbe orin.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun Òyìnbó ni kí a fi eré sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ken Eklund kàn fi fóònù pa àlọ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ilẹ̀ yìí ò dáa." Ṣùgbọ́n obìnrin kan láti ọdún 2050, tó ti di ìyá ọlọ́mọ, lè sọ ọ́. Ó kàn jẹ́ pé ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó ṣépè fún ẹ. Jókòó kí n sọ ibi tí o wà lọ́jọ́ Omíyalé fún ẹ." Ó gbé fóònù wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀wà àti dáìsì

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ló ní ká tún ṣeré. Mo wá mú òmíràn jáde. Ẹgbẹ́ Red Cross àti Red Crescent ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n sì ti ń fi eré kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti ará abúlé ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ń jẹ́ Paying for Predictions. Ẹ̀wà ni owó, dáìsì ni òjò. Kí a tó ju dáìsì, ẹ máa pinnu: ṣé ẹ máa ná ẹ̀wà sórí ìmúrasílẹ̀, àbí ẹ máa tọ́jú ẹ̀wà yín? Tí òjò ńlá bá dé tí ẹ ò múra, ẹ̀wà tó máa lọ á pọ̀ gan-an. Nígbà tí ẹ bá ti rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ta, wọ́n á pààrọ̀ dáìsì fún yín, òjò ńlá á wá máa wáyé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣirò tí ẹ fi ń ta á tẹ́lẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Dáìsì lúdò la lò ní tiwa. A ní 6 nìkan ni omíyalé. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, mo ní ó ti di 5 àti 6. Lẹ́yìn ìyẹn, 4, 5 àti 6. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ojoro ni. "Àǹtí, ẹ ò lè yí òfin padà láàárín eré!" Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ ń wí. Ọmọ ọdún 14 yẹn ò ní ẹ̀wà kankan mọ́, ó ní kí àwọn yòókù dá ẹ̀wà jọ, kí ẹni tí omi bá gbé máa rí nǹkan gbà níbẹ̀. Mi ò kọ́ ọ. Bó ṣe hùmọ̀ àjọ ara rẹ̀ nìyẹn.

Eré irú èyí ti pọ̀ láyé. Èyí tó ń jẹ́ Climate Fresk, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 2015, ń lo káàdì 42 tí ẹ máa tò títí ẹ fi máa rí ohun tó fa kí ni. Lọ́dún 2010, Báǹkì Àgbáyé ṣe Evoke, ìtàn alápèjúwe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó wo ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà lójú ní pàtàkì, tó sì ń rán wọn níṣẹ́ gidi ládùúgbò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ó gba dátà, ó gba Òyìnbó. Èyí tó bá wa mu jù lójú tèmi ni èyí tí a lè ṣe nígbà tí iná ò sí, ní èdè tí a fi ń bú ara wa.

Ibi tí eré dé dúró

Mi ò ní tàn yín. Eré ò lè kó ìdọ̀tí kúrò ní gọ́tà, kò sì lè gbé òkun kúrò ní Àyétòrò. Inú máa ń bí mi tí àwọn àgbà bá ń rọ́ ọ̀rọ̀ yìí lé ọ̀dọ́ lórí: "ẹ̀yin lẹ máa tún ayé ṣe." Àwọn wo ló bà á jẹ́? Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ò tú ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná lọ. Ẹ má fi eré dá ẹ̀bi fún ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé. Tí ọmọ kan bá sì wà láàárín yín tí omi ti gbé ilé rẹ̀ rí, ẹ má fipá mú un ṣeré. Ẹ jẹ́ kó yan ibi tó wù ú, tàbí kó máa gbọ́ ti àwọn yòókù.

Ohun kejì ni pé eré tó bá ń wàásù, ó ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ á gbọ́ òórùn ìwàásù láti òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ àyípadà ojú ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí iṣu wọ́n, kí fírísà lọ sómi, kí ọlọ́kọ̀ ní "a ti kọjá ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà á dárúkọ ara rẹ̀.

Ẹ fẹ́ gbọ́ ti ilẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà, òjò kan rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó wa mọ́tò lọ síbẹ̀. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí group: ògiri fẹ́ǹsì ilé kan tó wà nítòsí, pẹ̀lú ilà ẹrẹ̀ tó lọ gbọọrọ lára rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú fèrèsé. Kò kọ nǹkan kan sí i. Ọmọ rẹ̀ náà ò kọ nǹkan kan. Màmá nìkan ló ṣe voice note, ó ní, "Ẹ ṣeun, Olúwa."

Kò san ìyókù. Owó àsansílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ló sì ń gbọ́ títí dòní. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo rí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tò jọ sórí pulọ́ọ̀tì náà. Ẹlòmíràn ti rà á. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Àǹtí, ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ta ibẹ̀?"

Mo wò ó. Ọmọ tó ní òun ti ṣe é ní Geography. Mo ní ká lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́. Ó ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi. A máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì máa sọ ohun tí wọ́n bá wí fún yín.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ dán an wò. Ẹ kó àwọn ọ̀rẹ́ yín jọ, ọgọ́ta ìṣẹ́jú tó. Abọ́ mẹ́ta: ọdún, ibì kan tí ẹ mọ̀, ẹni tí ẹ ń pè. Voice note ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dárúkọ rẹ̀, ẹ má fi ayé parẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: èwo nínú ìwọ̀nyí la lè dá dúró láti òní? Kí ẹ sì rí i pé àgbàlagbà kan wà nítòsí, nínú kíṣìnnì tàbí lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí á bi í ló ti ń retí láti ọdún 1980.